Orógbó Korò, A Tún Fi Ń Wúre: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Àmì Ìyè

Ní àárọ̀ Sátidé kan, a kó ọmọ jáde ní Òkè-Afá, nínú ilé alájà kan ní ẹ́sítéètì Jakande. Èjìgbò ti Èkó ni mo ń wí, èyí tí wọ́n gé kúrò lára Òṣòdì-Ìsọlọ̀ tí wọ́n sì sọ di ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè lọ́dún 2003, kì í ṣe Èjìgbò ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níbi tí Ògìyán ti ń jọba. Aago méje kò tíì lù tí pálọ̀ ti kún. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n to àwo kéékèèké lé e: omi, iyọ̀, oyin, epo pupa, obì àbàtà, orógbó, ataare, ìrèké, àádùn, àti ẹja gbígbẹ kan tó ká bí òrùka.

Bàbá tó ń darí ètò náà fi oyin kan ètè ọmọ, ó fi kan ti ìyá rẹ̀, ó fi kan ti bàbá rẹ̀, àwo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí pálọ̀ ká. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò wa kan tó jẹ́ ọmọ Ìgbò, ó tọ́ oyin wò, ó tọ́ iyọ̀ wò. Ó wá gé orógbó jẹ, ojú rẹ̀ sì rún bí ẹni tó gbé oògùn ibà mì. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ló bá béèrè pé, "Bàbá, ẹ má bínú o. Lọ́dọ̀ tiwa, obì nìkan ti tó. Ẹni tó bá mú obì wá, ìyè ló mú wá. Nínú gbogbo èyí tí ẹ tò sílẹ̀ yìí, èwo gan-an ni ìyè?"

Bàbá ní, "Ọmọ mi, jẹ́ ká ṣàdúrà tán ná."

Ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ìwé tó ń ka àmì ìyè lọ rẹpẹtẹ kò wọ́n. Bí ìwé atúmọ̀ èdè ni ọ̀pọ̀ nínú wọn rí: àmì lápá òsì, ìtumọ̀ lápá ọ̀tún. Ankh, ìyè. Ẹyin, ìbẹ̀rẹ̀. Igi, ìran tí kò parun. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó kà á tán kò tíì mọ ìdí tí wọ́n fi mú ohun kan tí wọ́n fi òmíràn sílẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń mú un jáde, àti ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ tí àmì náà bá dalẹ̀. Àwọn ìbéèrè mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Etí ló yàn wọ́n

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí tábìlì yẹn. Orógbó korò. Bó bá jẹ́ ahọ́n la fi ń yan ohun tí a fi ń wúre, orógbó kò ní dé ìtòsí àwo ìkómọ. Orúkọ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀: kí ọmọ lè gbó, kó sì tọ́. Obì náà, kó lè bi ikú dànù, kó bi àrùn sẹ́yìn ni. Àádùn wà níbẹ̀ kí ayé lè dùn. Ataare kò gba ti orúkọ ní tirẹ̀. Ẹni tó bá bó èèpo rẹ̀ yóò rí i pé ọmọ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹja sì dé nítorí pé orí ló fi ń la ibú já. Ṣùgbọ́n orógbó àti obì, tí ìkómọ ayé àtijọ́ kò lè ṣe láìsí wọn, etí ló yàn wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀rẹ́ wa fi rún. Adùn tó wà nínú orógbó, inú èdè Yorùbá ló wà, kò sí nínú èso yẹn fúnra rẹ̀.

Àwọn baba wa ti fi ọgbọ́n yìí kọ lẹ́tà kí ìwé tó dé. Nínú àrokò, ẹni tó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni tó rán an sí, nítorí ẹ̀fà ni. Bí ẹyọ mẹ́jọ bá padà wá, ọ̀rọ̀ ti yọrí: ẹ̀jọ, èrò wọn jọra.

Àwọn Júù ń ṣe ohun tó fẹ́ jọ ọ́. Lẹ́tà méjì ni wọ́n fi ń kọ chai, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ìyè ní èdè Hébérù, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ní iye tirẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ 8, èkejì jẹ́ 10, àpapọ̀ wọn jẹ́ 18. Nítorí náà, bí Júù bá fẹ́ fi owó ta ọkọ àti ìyàwó tuntun lọ́rẹ, 18 tàbí 36 tàbí 180 ni yóò kà jáde. Ẹni tó gbà á mọ̀ pé ìyè ni wọ́n kà sí òun lọ́wọ́.

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ohùn nìkan ló ya orúkọ ẹ̀rin sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ikú, bí ohùn ṣe ya ọkọ́ kúrò lára ọkọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ilé gogoro níbẹ̀ kò ní àjà kẹrin. Láti orí 3 ni bọ́tìnnì lífíìtì ti ń fò bọ́ sí 5. Ẹ wá wo àwa níbí: obì olójú mẹ́rin gan-an la máa ń wá kiri bí a bá fẹ́ gbọ́ ohùn òrìṣà. Àdán ẹ̀wẹ̀, orúkọ rẹ̀ bá ti oríire dọ́gba létí àwọn ará Ṣáínà, wọ́n sì ń ya márùn-ún rẹ̀ sára àwo àti aṣọ fún ire márùn-ún tí ẹ̀mí gígùn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá ran àdán mọ́ aṣọ ọmọ tuntun ní Èjìgbò, àwọn ìyá àgbà á béèrè ohun tó ní lọ́kàn.

Ankh, àmì àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ tó dà bí àgbélébùú tó ní ojóbó lórí, ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń dárúkọ bí wọ́n bá ní kí wọ́n ka àmì ìyè. Àwọn Kristẹni ilẹ̀ Íjíbítì, àwọn Copt, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di àgbélébùú tiwọn. Lóde òní, àwọn ọ̀dọ́ ń so ó mọ́ ọrùn láti Amẹ́ríkà dé Èkó. Ṣùgbọ́n orí ọ̀rọ̀ ni òun náà dúró lé. Kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta kan náà ni àwọn ará Íjíbítì fi ń kọ ìyè, tí wọ́n fi ń kọ dígí, tí wọ́n sì fi ń kọ okùn bàtà. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ gbà pé àwòrán okùn bàtà yẹn gan-an ni àmì náà. Nínú ibojì Tutankhamun tí Howard Carter ṣàwárí lọ́dún 1922, wọ́n bá àpótí dígí kan tí wọ́n ṣe ní ìrísí ankh. Ẹni tó ṣe é ń fi ọ̀rọ̀ dárà: dígí nínú ìyè, ìyè nínú dígí. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni, à bá ní ó mọ ọfọ̀.

Ẹja tí àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ ń yà, tí a ṣì ń rí lẹ́yìn mọ́tò àwọn onígbàgbọ́ títí dòní, ìtàn kan náà ni. Bí èèyàn bá kọ "Jésù Kristi, Ọmọ Ọlọ́run, Olùgbàlà" ní èdè Gíríìkì, tó sì mú lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹja ló máa jáde. Ẹja wọn àti ẹja orí tábìlì wa pàdé níbi ìkómọ àwọn onígbàgbọ́, kálukú sì ní ohun tó bá wá. Tiwọn wá nítorí lẹ́tà; tiwa wá nítorí orí.

Ohun tí a gé tó tún rú

Ṣùgbọ́n ó ku àwọn tí kò gba ti etí, tí ojú lásán yàn. Bí wọ́n bá ń fi èèyàn jẹ oyè nílẹ̀ Yorùbá, ewé akòko ni wọ́n ń fi sí i lórí. Igi yẹn náà ni àwọn Ìgbò ń pè ní ọgirisi, òun náà ni àwọn Ẹ̀dó ń pè ní ikhimwin. Gé ẹ̀ka rẹ̀, rì í mọ́lẹ̀ bí èèkàn, kò ní pẹ́ tí yóò fi rú ewé. Àwọn Ìgbò ń fi pààlà ilẹ̀, wọ́n sì ń gbìn ín sí ojúbọ. Àwọn Ẹ̀dó gbà pé òun ni àgbà gbogbo igi. Kò sí ìkankan nínú àwọn orúkọ mẹ́ta yìí tó jọra, kò sì sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ fún ẹnì kejì. Èèkàn tó rú ewé ti sọ tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí. Bí iná bá kú, á fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, á fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ní Ìráànì, níbi tí ọdún tuntun ti ń bọ́ sí oṣù Kẹta, àlìkámà tí wọ́n mú hù nínú àwo máa ń wà lórí tábìlì ọdún pẹ̀lú ẹyin tí wọ́n kùn lọ́dà. Bó bá di ọjọ́ kẹtàlá, wọ́n á gbé àlìkámà yẹn lọ sínú omi tó ń ṣàn. Ejò ń bọ́ awọ, ó ń di tuntun. Ohun tí àwọn Gíríìkì rí nìyẹn tí wọ́n fi lọ́ ejò mọ́ ọ̀pá Asclepius, òrìṣà ìwòsàn wọn. Àwọn Fọn lórílẹ̀-èdè Benin ní Dan, ejò tó fi ẹnu mú ìrù ara rẹ̀ tó sì ká ayé mọ́ra kó má tú. Ẹbí Ọ̀ṣùmàrè tiwa ni.

Màrìwò kan, ìtumọ̀ mẹ́ta

Ọ̀pá tí ejò lọ́ mọ́ yìí wà lára pátákó ilé ìwòsàn àti ilé oògùn káàkiri Èkó. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó bá kọjú sí irú ilé oògùn bẹ́ẹ̀, ejò kan náà ni wọ́n ń wàásù pé ó tan Éfà jẹ. Kò sẹ́ni tó rí i bí ìjà. Aláìsàn ń ra oògùn lábẹ́ ejò, ó ń sọdá, ó ń bú ejò.

Èyí tó tún hàn kedere ju ìyẹn lọ ni imọ̀ ọ̀pẹ. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọdún Àjíǹde, àwọn ọmọdé á gbé e lọ́wọ́, wọ́n á máa kọrin yí àdúgbò ká. Ìyè àti ìṣẹ́gun ni. Bó bá jẹ́ ara mọ́tò ni wọ́n so ó mọ́, tí mọ́tò náà ń sáré tó ń fọn fèrè, gbogbo awakọ̀ á yà fún un: òkú ló gbé. Bí wọ́n bá ta á sí ẹnu ọ̀nà igbó kan, àlejò mọ̀ pé kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Lójú ọ̀nà Ìkọ̀tún sí Èjìgbò, níbi tí àwọn táńkà tó ń wá gbé epo ní ibùdó epo NNPC ti ń tò gígùn, ewé tútù tún ní iṣẹ́ mìíràn. Awakọ̀ tí táńkà rẹ̀ bá bàjẹ́ á já ewé, á kó o sẹ́yìn ọkọ̀, gbogbo ẹni tó ń bọ̀ á sì mọ̀ pé ewu ń bẹ níwájú. Ibi tí ewé wà ló ń sọ ohun tí ewé ń wí.

Ọ̀ràn funfun náà rí bẹ́ẹ̀. Funfun ni ti Ọbàtálá tó ń mọ ọmọ sínú ìyá, funfun la tẹ́ sórí tábìlì ìkómọ, funfun sì ni kàfáánì tí Mùsùlùmí fi ń sin òkú. Ní Ṣáínà, aṣọ ọ̀fọ̀ ni. Nítorí náà, ìwé tó kọ àmì sápá kan tó sì kọ ìtumọ̀ kan ṣoṣo sí ìkejì ti gé ewé kúrò lára igi.

Ẹnu ọ̀nà ikú

Ìgbà wo wá ni wọ́n ń mú àmì ìyè jáde? Ẹ tún àwọn tí mo ti kà wò. Inú ibojì ni wọ́n ti bá àpótí dígí Tutankhamun. Lábẹ́ ilẹ̀ Róòmù, níbi tí àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ ń sin òkú wọn sí, ni ẹja wọn ti pọ̀. Adinkra, aṣọ alámì àwọn Akan ní Gánà, tí àmì Gye Nyame wà lára rẹ̀, aṣọ òkú ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Àmì tí wọ́n ń pè ní Nyame bewu na mawu, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àfi bí Ọlọ́run bá kú ni èmi yóò fi kú. Ẹni tó ń sunkún òkú ló ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bora.

Tiwa kò yàtọ̀. Ìgbà tí ọ̀kan bá kú nínú ìbejì ni wọ́n ń gbẹ́ ère, tí ìyá ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń wọ aṣọ fún un. Orúkọ àbíkú náà, àmì ìyè tí a fi ọ̀rọ̀ gbẹ́ ni: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́. Kòsọ́kọ́ tó jọba Èkó láti 1845 sí 1851, ìtumọ̀ orúkọ tó jẹ́ ni pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí wọ́n máa fi gbẹ́ ilẹ̀ sàréè. Ìkómọ fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921, kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Ìkókó tí kò tíì pé iye ọjọ́ yẹn, àlejò ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá yóò dúró. Àwọn Mùsùlùmí náà ń dúró di ọjọ́ keje kí wọ́n tó pa àgbò. Ṣáájú ìyẹn, wọ́n ti fi dàbínù tí wọ́n jẹ kúnná ra òkè ẹnu ọmọ, bí àwa ṣe ń fi oyin ra ètè.

Mo rò pé ibí yìí ni gbogbo àṣà ti pàdé, ju ibi tí wọ́n ti ń ya ohun tó jọra lọ. Kò sẹ́ni tó ń fi àmì ìyè síbi tí ìyè ti dá a lójú. Ẹnu ọ̀nà ikú ni wọ́n ń gbé e kọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe ìròyìn.

Omi Òkè-Afá

Bí ohun kan bá wà tí ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu kò lé lórí, omi ni. Àlùkùránì kọ́ni pé omi ni orísun gbogbo ohun alààyè. Kristẹni ń ti inú rẹ̀ jáde bí ẹni titun. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, níbi tí àwọn tó ń wá ọmọ ti ń bu omi mu, wọ inú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé UNESCO lọ́dún 2005. Yemọja tó ni odò Ògùn sọdá òkun dé Brazil, ó sì di ìyá òkun níbẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù Kejì ni wọ́n ń gbé òdòdó fún un ní Salvador. Ghezo tó jọba Dahomey láti 1818 sí 1858 fi ìkòkò tó lu jára ṣe àmì ìjọba rẹ̀: bí gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà bá fi ìka dí ihò, omi kò ní jò, ilẹ̀ kò sì ní parun. Àwa sọ ọ́ ní kúkúrú: omi kò lọ́tàá.

Ọjọ́ tí àmì náà bá wá dalẹ̀ ńkọ́? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, ilé ìkó-ohun-ìjà sí ní bárékè àwọn ṣọ́jà ní Ìkẹjà gbiná, bọ́ǹbù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù. Àwọn èèyàn rò pé ogun ti dé. Wọ́n fẹsẹ̀ fẹ, ìyá ń fa ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń pọn àbúrò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gba ọ̀nà Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Ilẹ̀ ti ṣú. Wọ́n rí ibi tó tẹ́jú, tí ewéko bò, wọ́n sì rí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dà bí ibi ààbò. Wọn kò mọ̀ pé orí kánààlì Òkè-Afá ni ewéko náà léfòó sí. Àwọn tó wà níwájú rì, àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì wọ́n. Iye àwọn tó kú lọ́jọ́ náà lápapọ̀ lé ní 1,000, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé tí kánààlì gbé.

Ewé tútù. Omi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lápá òsì ìwé atúmọ̀ yẹn, ìyè ló sì wà lápá ọ̀tún. Lálẹ́ ọjọ́ náà ní Òkè-Afá, wọ́n para pọ̀ ṣe ohun mìíràn.

Ibi ìrántí àwọn òkú náà wà ní Òkè-Afá títí di ìsinsìnyí, àwọn ẹbí sì máa ń péjọ síbẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù Kìíní. Ìrìn díẹ̀ ló wà láàárín ibẹ̀ àti ilé tí a ti kó ọmọ jáde. Mo ti béèrè lọ́wọ́ ara mi pé, báwo ni ẹni tó ń gbé létí kánààlì yẹn ṣe tún ń fi omi súre fún ọmọ? Bó bá jẹ́ pé ìròyìn ni àmì ìyè, ó yẹ kí wọ́n ti gbé omi kúrò lórí tábìlì lọ́dún 2002, nítorí irọ́ ló pa. Wọn kò gbé e kúrò. Mo fetí sílẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ yẹn nígbà tí Bàbá gbé omi sókè. Kò sọ pé omi kò lọ́tàá kó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ó ní, "Omi kò ní gbé e lọ." Àmín tí wọ́n ṣe sí i wúwo ju gbogbo àmín tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n dárúkọ tán, ó ku ohun kan. Johnson kọ ọ́ pé láyé àtijọ́, wọ́n á da omi sórí òrùlé, wọ́n á gbé ọmọ sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kí omi lè ta sí i lára. Bí ọmọ bá figbe ta, àwọn ẹbí á hó fún ayọ̀. Kò sí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ ẹ́sítéètì Jakande. Bàbá ti ọwọ́ bọ omi, ó gbọ̀n ọ́n sí ọmọ lójú. Ọmọ ń sùn, kò mira. Pálọ̀ pa lọ́lọ́. Ó tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó tún gbọ̀n ọ́n.

Ọmọ ké. Igbe náà la pálọ̀ já dé àtẹ̀gùn, àwọn obìnrin sì hó yèè. Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀ sára agbádá, ó wá yíjú sí ọmọ Ìgbò tó ṣì fi orógbó ajẹkù há ọwọ́.

Ó ní, "Ṣé o gbọ́ ọ?"